Erin Tí Ó Ń Mi Orí, Ijó Kọ́ Ni Ó Ń Jó



Bí a bá so ọmọ ọ̀bọ mọ́ ìdí igi máńgòrò, kì í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tí yóò máa bọ̀, dé ibi tí okùn rẹ̀ mọ. Àwọn ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín, wọn a ní ó ń jó. Ǹjẹ́ ijó ni lóòótọ́?

Àwọn ìlú ńlá ní ọgbà ẹranko. Ọ̀kan wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní Nàìjíríà. Ní 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1974 ó di ọgbà ńlá. Ọgbà bẹ́ẹ̀ dára fún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kò tó ẹranko.

Ẹ gbọ́ ìtàn erin kan tí ń jẹ́ Kaavan. Ní 1985 ni wọ́n mú un láti Sri Lanka lọ sí ọgbà ẹranko ní Islamabad, olú ìlú Pakistan. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ní 2012, abo erin tí wọ́n jọ ń gbé kú. Kaavan jẹun, ó tilẹ̀ sanra jù, ṣùgbọ́n ó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì láìsinmi. Ní 2020, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n mú un kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Cambodia, níbi tí igbó wà. Níbẹ̀ ni ó ti fi ọwọ́jà kan ọwọ́jà erin mìíràn, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí ó ti dá wà.

Ẹ má ṣe ṣì í mú o. Kìnnìún a máa sùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àní nínú igbó Pendjari pàápàá. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Àmì ìyà ni kí ẹranko máa ṣe ohun kan náà láìdúró: kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀, kí ó máa mi orí, kí ó máa fa irun ara rẹ̀ tu. Àyè tí ó fún, ìdáwà àti àìríṣẹ́ṣe ni ó ń fà á. Nítorí náà, ọgbà tí ó dára a máa fún ẹranko ní àyè, ibòji, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Wọn a tún fi oúnjẹ pamọ́ kí ó lè wá a kiri.

Bákan náà ni nínú ilé wa. Adìẹ tí a há mọ́ àgò kékeré a máa ṣá ara wọn léṣe. Ẹ fẹ àgò náà, owó yín ni ẹ ń tọ́jú.

Ní ti ọmọ ọ̀bọ, bí ọdẹ bá gbé e wá tà, ẹ má rà á. Bí ó bá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nínú igbó, ọdẹ kì í rí i mú láìpa ìyá náà. Bí a bá rà á lónìí, ọdẹ yóò tún padà lọ pa òmíràn lọ́la.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé: Ẹranko wo ni ẹ so mọ́lẹ̀ nílé yín? Kí ni ó ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́?

Ó dìgbà kan ná o.