Irin Inú Yangí



Òkúta pupa tó wà lórí tábìlì yìí, ẹ̀bá ọ̀nà Dopemu níbí ni mo ti ṣà á láàárọ̀. Yangí ni. Mo rí i pé àwọn kan ti ń wò mí bí ẹni tó gbé Èṣù wá síbí. Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò tíì ta epo sí i. Ohun tó sọ ọ́ di pupa ni mo bá wá. Irin ni.

Hematite ni àwọn onímọ̀ òkúta ń pe ohun pupa náà, orúkọ tó wá láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi ń pe ẹ̀jẹ̀. Irin àti ọ́síjìn ló so pọ̀ di hematite. Bí ẹ bá wọn 100 kílò rẹ̀ tí kò lábùlà, nǹkan bí 70 kílò ni irin. Ó wúwo tó omi ní nǹkan bí ìlọ́po 5. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń tan ènìyàn: ó lè dúdú, ó lè máa dán bíi fàdákà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ha ẹ̀yìn táìsì tí kò dán, ìlà pupa ló máa fà. Magnetite, òkúta irin mìíràn, ìlà dúdú ni tirẹ̀, òòfà sì ń gbé e. Ìlà ti goethite, òkúta irin kẹta, pọ́n bí ìyeyè, èròjà omi sì wà nínú rẹ̀. Bí iná bá lé omi náà jáde, goethite á di hematite. Ìdí nìyẹn tí amọ̀ mìíràn fi ń wọ inú iná pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, tó sì ń jáde ní ìkòkò pupa. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ti mọ̀ ọ́n lójú tipẹ́.

Ẹ má tìtorí irin inú yangí gbé ṣọ́bìrì o. Òjò ọdún gbọọrọ ló ṣan ọ̀pọ̀ èròjà yòókù lọ, irin ló kù tó sọ ilẹ̀ wa di pupa, kò sì pọ̀ tó èyí tí à ń wà. Ní Itakpe, ìpínlẹ̀ Kogí, hematite àti magnetite wà nínú àpáta. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé iṣẹ́ irin Ajáòkúta. Àwọn baba wa kò dúró de ilé iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó máa yọ́ irin. Ní Mọdákẹ́kẹ́, iyanrìn dúdú ni wọ́n pò mọ́ òkúta irin kí wọ́n tó dà á sínú ìléru. Ní Ola Igbi, nítòsí Ọ̀yọ́, òyìnbó kan, C. V. Bellamy, rí àwọn tó ń yọ́ irin lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1904. Nínú ìléru, èédú ló ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ irin. Ohun tí kò wúlò á ṣàn jáde, á di ìdàrọ́.

Irin inú omi gan-an ló yẹ kó ká wa lára ní Dopemu. Omi kànga ẹ̀rọ mìíràn á mọ́ gaara nígbà tó ń jáde. Tó bá di àárọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti pọ́n. Irin tó yọ́ sínú rẹ̀ ló pàdé afẹ́fẹ́, tó dípàárà. Agbádá funfun mi kan ti bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí omi náà máa já láti òkè bọ́ sínú àgbá, kí ó gba afẹ́fẹ́, kí ó tòrò, kí ẹ tó sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn kọjá.

Ẹ máa gbé òkúta yìí kiri báyìí, kí ẹ fi ha táìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yangí kan kò jọ èkejì. Ẹ sọ fún mi bóyá pupa ló fà ni, àbí ìyeyè.