Ojúlówó Páàtì Ni Tàbí Àfarawé?

Àwa nọ́ọ̀sì tí à ń ṣiṣẹ́ òru ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mọ́tò kì í ṣe ti fàájì fún wa.

Wọ́n gbá ọkọ̀ ọ̀kan nínú wa. Iléeṣẹ́ adójútòfò fi bọ́ńpà àfarawé sí i; ó yán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí eyín àgbà. A ka ìwé àdéhùn (ta ló ń kà á tẹ́lẹ̀?), ó gbà wọ́n láyè láti lo páàtì tí kì í ṣe ojúlówó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lo èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn, tòkunbọ̀ tiwọn nìyẹn! Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ dára, kó sì tọ́jọ́. Ibẹ̀ la dì mú. A ya fọ́tò, mẹkáníìkì mìíràn kọ ohun tó rí sílẹ̀, a fi lẹ́tà ránṣẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ní láti fún yín lésì ìkẹyìn. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service láàárín oṣù 6; ọ̀fẹ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ká bá òun kọ lẹ́tà, kó mú ìwé àdéhùn rẹ̀ wá lẹ́yìn ìpàdé.