ORÚKỌ OÒGÙN ÀTI OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀
(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera sọ níwájú Ìpàdé Gbogbogbòò Ọdọọdún ti ẹgbẹ́ wa)

A dúpẹ́ pé ẹ fún wa láyè láti sọ ní gbangba ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èyíinì ni ọ̀rọ̀ oògùn oníhóró tí àwọn obìnrin ń lò láti fètò sí ọmọ bíbí.

Ohun tí ó mú wa sọ̀rọ̀ nìyí. Obìnrin tí oògùn kan ti mọ́ lára lè dé ọ̀dọ̀ olóògùn, kí ó bá a pé owó rẹ̀ ti ju agbára òun lọ. Bí wọ́n bá na òmíràn tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ sí i, yóò ní ayédèrú ni, yóò sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Kò ní pẹ́ tí oyún tí kò gbèrò fi lè dé. Irú ìpadàsílé bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí ó dópin.

Bí ọmọ ṣe ń jẹ́ orúkọ àbísọ, tí àwọn ìyàwó ilé sì tún ń fún un ní orúkọ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ní orúkọ méjì: orúkọ oògùn gan-an, àti orúkọ tí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́ fún títà. Ẹ wo Microgynon 30. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan tí ń ṣiṣẹ́, levonorgestrel jẹ́ 150 máíkírógíráàmù, ethinylestradiol sì jẹ́ 30. Páálí mìíràn tí ìjọba fọwọ́ sí, tí orúkọ méjèèjì àti ìwọ̀n wọ̀nyí bá wà lára rẹ̀, oògùn kan náà ni, ohun yòówù tí wọn ìbáà máa pè é.

Kí ni ó wá fa ìyàtọ̀ owó? Ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣàwárí oògùn máa ń gba àṣẹ òfin pé òun nìkan ni yóò máa tà á fún iye ọdún kan. Bí ọdún náà bá pé, àwọn mìíràn lè ṣe é. Wọn kì í tún gbogbo ìwádìí àkọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ní láti fi hàn pé tiwọn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí ti àkọ́kọ́, láàrin ààlà tí òfin là sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti fọwọ́ sí Enovid fún ìdènà oyún ní ọdún 1960, òfin ọdún 1984 ni ó la ọ̀nà yìí gbòòrò. Àwọ̀ àti ìrísí hóró lè yàtọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ayédèrú wà, ó sì lè gbé orúkọ tí ó lókìkí jù lọ wọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ẹ wo ọjọ́ tí oògùn yóò kú. Ẹ rà á lọ́wọ́ olóògùn tí ó ní ìwé àṣẹ tàbí ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe lọ́wọ́ akirità inú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ orúkọ kò gbọdọ̀ lo méjèèjì pọ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ páálí tuntun kọjá.

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí, ẹni tí ó ti lé ní ọdún 35 tí ó ń mu sìgá, ẹni tí ń fún ọmọ tí kò ì pé oṣù 6 lọ́mú, àti ẹni tí ń lo rifampicin fún ikọ́ ife, kí wọ́n rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ná, ìbáà ṣe oògùn olówó ńlá tàbí èyí tí kò wọ́n. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ń dènà àrùn ìbálòpọ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìyàwó nìkan. Ẹ bá wọn ka ohun tí a kọ sí ara páálí. Ìlú tí ìyá bá ti ní àlàáfíà ni ọmọ ti ń rí ìtọ́jú.

Kí Ọlọ́run bá wa dá ìlú wa sí.