Igi Arère àti Òrùlé Wa

 

Ọ̀rọ̀ igi arère ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kò ṣọ̀wọ́n ní ọjà pákó. Àwọn ará Ghana ń pè é ní wawa. Àwọn òyìnbó oníṣòwò igi ń pè é ní obeche.

Arère funfun, ó rọ̀, ó sì fúyẹ́. Bí ìtí gbígbẹ rẹ̀ bá jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, yóò wọn nǹkan bí kílò 380; ti ìrókò máa ń tó 650. Ayùn kì í há sí i lára, ìṣó ń wọ̀ ọ́ láìlà á, ó sì tètè ń gbẹ. Ìdí nìyí tí àwọn káfíńtà fi ń fi í ṣe inú àga onítìmùtìmù, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, àti pákó tí a fi ń da kọ̀ǹkéré. Ní Yúróòpù, wọ́n ń fi í ṣe ìjókòó inú yàrá ooru tí wọ́n ti ń làágùn, nítorí pé kì í gbóná mọ́ ara.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó rọ̀ fún ayùn rọ̀ fún ikán pẹ̀lú. Bí ọ̀rinrin bá bá arère, kíá ni yóò jẹrà. Kò sì di ìṣó mú dáadáa. Ẹ rántí pé etí ọ̀sà ni Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin wà. Àwọn ilé tí Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ sí Festac nítorí àjọ̀dún àṣà ènìyàn dúdú ti ọdún 1977 ti lé ní ọdún 40. Ọ̀pọ̀ òrùlé ni ó ń fẹ́ àtúnṣe. Èmi pàápàá fi arère kan òrùlé rí, nítorí pé ó dínwó. Ikán sọ ọ́ di ìyẹ̀fun, mo sì tún san owó náà lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí arère ṣe iṣẹ́ inú ilé, níbi gbígbẹ. Fún òrùlé, ẹ wá igi líle bí àpá. Bí agbára kò bá ká a, ẹ jẹ́ kí arère gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi oògùn ikán kùn ún yíká kí a tó kàn án. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ gbé pákó náà wò, kí ẹ sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́: bí ó bá fúyẹ́ tí èékánná sì wọlé, igi rírọ̀ ni, orúkọ yòówù kí ọlọ́jà pè é.

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí ilé wa wó mọ́ wa lórí.