Ìrànwọ́ Ilẹ̀ Òkèèrè àti Àwa Ọmọ Àrándùn
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Iṣẹ́ tíṣà ni iṣẹ́ wa. Bí ọ̀rọ̀ wa bá dà bí ti ẹni tí ó dúró níwájú pátákó, ẹ fi orí jì wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bi wá léèrè pé kí ni ó dé tí àwọn Òyìnbó fi ń dáwọ́ oore dúró. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn USAID, ilé iṣẹ́ tí ó ti ń fi oògùn àrùn éèdì àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ránṣẹ́ sí wa. Bírítéènì náà ti kéde pé nígbà tí ó bá fi di 2027, pọ́ùn mẹ́ta péré nínú ẹgbẹ̀rún tí ilẹ̀ wọn bá pa ni yóò máa lọ fún ìrànwọ́, dípò márùn-ún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba wa gbé ètò ọlọ́dún mẹ́fà kalẹ̀, láti 1962 sí 1968, nǹkan bí ìdajì owó rẹ̀ ni wọ́n gbójú lé lọ́wọ́ àjèjì. Amẹ́ríkà nìkan ṣe ìlérí mílíọ̀nù 225 dọ́là. Owó tí ó wọlé kò tó ti ìlérí rárá. Ìsédò Kainji tí a ṣí ní 1969, owó tí a yá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yíyá kì í sì í ṣe ẹ̀bùn. Àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps náà dé ní 1961 láti wá kọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn kọ kádì sílé láti Ìbàdàn nípa ìdọ̀tí tí ó rí, kádì náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo yunifásítì sì fárígá! Síbẹ̀ àwọn tíṣà náà ṣe iṣẹ́ gidi.

Nígbà tí owó epo dé, àwa náà di olóore. Ní 1976, Nàìjíríà fi owó kalẹ̀ sí Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní tó wa. Láti 1987 ni a sì ti ń rán dókítà àti tíṣà lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà ni gbèsè gbá wa mú. Ní 2005, àwọn ayánilówó Paris Club gbà láti fi bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá, ṣùgbọ́n a san bílíọ̀nù 12 kí ọ̀rọ̀ tó tán. Lónìí, ọ̀dọ̀ Ṣáínà ni a ti yáwó ṣe ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ní abúlé kan tí a ti ṣe tíṣà, àwọn àjèjì gbẹ́ kànga dẹ̀rọ fún ará ibẹ̀, wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Kò pé ọdún méjì tí ó dákẹ́. Wọ́ṣà kan ni ó jẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a kọ́ ní títún un ṣe, àwọn tí ó gbẹ́ ẹ sì ti lọ. Àwọn ọmọ padà sí odò, wọ́n ń pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́, àwa sì ń nà wọ́n ní pàṣán nítorí pípẹ́ náà. Ó pẹ́ kí a tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ó ń dùn wá títí di òní.

Owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sílé láti òkè òkun ní 2023 sún mọ́ bílíọ̀nù 20 dọ́là, ó ju ìrànwọ́ gbogbo ìjọba àjèjì lọ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni olóore ńlá ìlú yìí. Nítorí náà, ìbéèrè tí a bi àjèjì, ó yẹ kí a bi ara wa: ta ni yóò máa tún un ṣe?

Àbá wa ni pé kí a má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun kankan lọ́dún yìí títí a ó fi ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ fún èyí tí a ti ṣe, kí a sì rán ọmọ wa méjì lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ omi. Akápò mọ iye tí ó wà lọ́wọ́. A bẹ̀ ẹ́ kí ó dìde, kí ó kà á sí wa létí.