Wọ́n Bí I Láìní Ahọ́n: Ṣé Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Lè Yé Wa?

Ẹ dákun, ẹ gbé fóònù yín sétí dáadáa. Àtàn-Ọ̀tà ni mo wà, àwọn tírélà tó ń lọ sí Àgbárá kò sì jẹ́ ká gbádùn.

Ìbéèrè tòní rèé: ẹni tí wọ́n bí láìní ahọ́n, ṣé ó lè sọ̀rọ̀ kó yé èèyàn? Èmi náà kọ́kọ́ ní rárá. Mo ṣìnà.

Ní 1718, dókítà ará Faransé kan, Antoine de Jussieu, kọ̀wé nípa ọmọbìnrin ọdún 15 kan ní Lisbon tí kò ní ahọ́n. Ó ń jẹun, ó sì ń sọ̀rọ̀. Lẹ́tà mélòó kan ló ń fún un ní wàhálà. Láyé tiwa yìí, Betty McMicken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ṣèwádìí lórí obìnrin kan tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Iṣan ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ ti nípọn, ó sì ń gbé e sókè nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. "T" àti "d" tí àwa ń fi ahọ́n pè, ètè ló ń fi pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí èdè wa. Ká ní ẹnì kan fẹ́ sọ pé "dákun, fún mi lómi," ó wá jáde bíi "bákun, fún mi lómi." Ta ni kò ní mọ̀ pé omi ló ń fẹ́? Àmọ́ tó bá jẹ́ "bà" nìkan ló sọ, a ò ní mọ̀ bóyá "dà" ló fẹ́ pè. Odindi gbólóhùn ló ń ràn wá lọ́wọ́.

Dò-rè-mí wa ńkọ́? Gògóńgò ló ń gbé e jáde, kì í ṣe ahọ́n. Ṣé dùndún ní ahọ́n ni? Síbẹ̀, tí onílù bá fi kì yín lóde àríyá, ẹ ó tọwọ́ bọ àpò.

Ibi tí mò ń lọ nìyí: ìdajì iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́. Lábẹ́ bíríìjì Sango, kì í ṣe gbogbo ohun tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo là ń gbọ́, etí wa ti mọ́ ọn lára ni. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ lọ́nà tirẹ̀, kíá, a ti pè é ní odi, a ti ń bá ẹni tó tẹ̀ lé e sọ̀rọ̀ bíi pé òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọpọlọ rẹ̀ pé.

Tí ẹ bá pàdé irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ pa orin. Ẹ wo ètè rẹ̀. Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀. Tí kò bá yé yín, ẹ má mi orí lásán, ẹ ní kó tún un sọ. Tó bá jẹ́ orí fóònù, fídíò sàn ju voice note lọ.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.