Gbèsè Ọkọ̀ Ìjàpá

Ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn Yorùbá sọ ní Ìjàpá, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí rìbìtì, kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé orí gbèsè ni wọ́n bí Ìjàpá sí.

Ní ọdún 1938 ni Hitler fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà lélẹ̀, ní ibi tí à ń pè ní Wolfsburg lónìí ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n ṣe ìlérí pé máàkì 990 péré ni mẹ̀kúnnù yóò fi ra ọkọ̀ kan. Bí ẹni ń dá àjọ ni: kí olúkúlùkù máa ra sítáǹbù máàkì 5 lọ́sẹ̀, kí ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì, títí owó yóò fi pé. Àwọn tí ó dá àjọ yìí lé ní 300,000. Ogun sì dé. Ọkọ̀ ológun ni ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, ó sì ń fi tipátipá kó àwọn ará ilẹ̀ mìíràn ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo àwọn alájọ, kò sí ẹnì kan tí ó rí ọkọ̀ gbà.

Lẹ́yìn ogun, ní 1945, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sí. Ọ̀gá ológun kan, Ivan Hirst, ni ó tún iṣẹ́ ibẹ̀ gbé dìde. Nígbà tí yóò fi di 1955, ọkọ̀ tí ó sọ iye wọn di 1,000,000 ti jáde.

Owó ń wọlé, àwọn tí ó ní káàdì lọ́wọ́ sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Èsì ilé-iṣẹ́ ni pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Hitler ni ó gba owó, kì í ṣe àwọn, àti pé àwọn ará Rọ́ṣíà ti kó o lọ ní báńkì Berlin. Àwíjàre tí kò wọni létí ni èyí, nítorí ẹgbẹ́ náà gan-an ni ó dá ilé-iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀. Ní 1961 ni wọ́n tó parí ẹjọ́: ẹni tí ó san gbogbo owó rẹ̀ pé yóò rí ẹ̀dínwó máàkì 600 lórí ọkọ̀ titun, tàbí kí ó gba máàkì 100 lọ́wọ́. Máàkì 600 kò tó ìdámárùn-ún owó ọkọ̀ náà nígbà yẹn.

Ní 1972, iye Ìjàpá tí a ti ṣe borí ti Model T ilé-iṣẹ́ Ford, ayé sì yìn wọ́n. Àwọn tí a fi tipá kó ṣiṣẹ́ nígbà ogun ṣì ń dúró. Ọdún 1998 ni ilé-iṣẹ́ náà tó ya 20,000,000 máàkì sọ́tọ̀ fún wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti kú.

Ní ọjọ́ 30 oṣù keje, ọdún 2003, wọ́n ṣe Ìjàpá tí ó kẹ́yìn ní Puebla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, iye wọn sì jẹ́ 21,529,464. Wolfsburg ni wọ́n gbé e lọ fún ìṣúra.